Ìṣubú àti Ìdìde: Ta Ni Ó Yẹ Kí A Yìn?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ rò pọ̀ ní ìdá mẹ́rin ọdún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n a kì í sábà jókòó tì í kí a yẹ̀ ẹ́ wò dé ìdí. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí ènìyàn bá ṣubú, tí ó tún dìde, tí ó sì borí, kí ni a ń yìn lára rẹ̀ gan-an? Ṣé borí tí ó borí ni, àbí dídìde tí ó dìde? Bí ó bá wá dìde ṣùgbọ́n tí kò borí ńkọ́, ṣé a ó ṣì kí i?

Ó ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wa tí ó mú ìbéèrè yìí wá. A ó sọ ọ́ kí a tó parí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lo àpẹẹrẹ ọmọ wa kan tí gbogbo ayé mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde

Gbogbo wa ni a mọ ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Láti Mowe, ènìyàn yóò gba ọ̀nà Ìbàdàn títí dé Ṣágámù, yóò wá yà sí ọ̀tún gba ọ̀nà tí ó lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin. Ìlú yìí ni wọ́n ti bí Olúwatóbilọ́ba Amusan, tí ayé ń pè ní Tóbi, ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹrin, ọdún 1997. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, olùkọ́ ni ìyá rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn oníròyìn pé bàbá òun kò fẹ́ kí òun máa sáré nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, pé ìyá òun ni ó dúró gbágbáágbá ti òun. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ ohun tí irú ìdúró bẹ́ẹ̀ máa ń ná obìnrin nínú ilé.

Eré tí Tóbi ń sá ni ti mítà 100 tí àwọn obìnrin ti ń fo igi ìdènà. Igi náà jẹ́ 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga tó sẹ̀ǹtímítà 83.8, ìyẹn ni pé ó ga ju tábìlì ìjẹun wa lọ. Láti ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ dé igi àkọ́kọ́ jẹ́ mítà 13. Láti igi kan sí èkejì jẹ́ mítà 8.5, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n sì ń gbé láàárín wọn kí wọ́n tó tún fò. Bí ìṣísẹ̀ kan bá ṣì, tí ènìyàn bá tọ́ igi kan, yóò pàdánù àkókò tí kò lè rí gbà mọ́.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Tóbi dé àṣekágbá ìdíje àgbáyé ní Doha, ní orílẹ̀-èdè Qatar. Ìṣẹ́jú àáyá 12.49 ni ó fi sá a. Ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀ lo 12.47. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó wà láàárín wọn. Kí ojú tó ṣẹ́ ni àkókò bẹ́ẹ̀ ti kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni ìṣáájú yẹn ni ó ṣe ipò kẹta, òun ni ó gba àmì ẹ̀yẹ idẹ. Tóbi ṣe ipò kẹrin. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ipò kẹrin jẹ́ nínú irú eré bẹ́ẹ̀: àwọn mẹ́ta gun orí pèpéle, ẹni kẹrin ń kó bàtà rẹ̀ sínú báàgì.

Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹjọ, ọdún 2021, ó tún dé àṣekágbá ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo, ní Japan. Ìpò kẹrin ni ó tún ṣe. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó fi pàdánù àmì ẹ̀yẹ. Ẹ̀ẹ̀kan, a lè ní orí kò bá a ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹnu ayé a máa bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí agbára rẹ̀ ṣe mọ nìyẹn.

Àwọn àgbà ní àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Kí oṣù méjì tó pé lẹ́yìn ti Tokyo, ó borí nínú àṣekágbá ìdíje Diamond League ní Zurich, ní Switzerland, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 2022, ní ìlú Eugene ní Amẹ́ríkà, ohun tí a ń wí ṣẹlẹ̀. Nínú eré tí ó ṣáájú àṣekágbá, ó lo ìṣẹ́jú àáyá 12.12. Láti ọdún 2016 ni 12.20 ti Kendra Harrison ará Amẹ́ríkà ti jẹ́ èyí tí ó yára jù lọ láyé. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ti rékọjá rẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà, ó padà wá sá àṣekágbá, ó lo 12.06, ó sì gba wúrà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di akọni àgbáyé nínú eré sísá àti fífò.

Òru ni lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, òru ọjọ́ Ìsinmi mọ́jú ọjọ́ Ajé. Nígbà tí orin orílẹ̀-èdè wa dún tí ó sì bú sẹ́kún lórí pèpéle, àwọn tí wọ́n ń lọ sí Èkó láti Mowe àti Ìbàfò wà lójú ọ̀nà, àwọn mìíràn ti dé ibi iṣẹ́. Gbogbo Nàìjíríà ni ó kí i. Gómìnà kí i, ààrẹ kí i, àwọn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní igi ìdènà kí i. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó kí i ní Doha?

Àwọn tí ó ní borí ni ẹ̀rí

Àwọn kan yóò sọ pé ìbéèrè wa kò nítumọ̀. Wọ́n ní borí ni ẹ̀rí pé ènìyàn ti ṣe iṣẹ́. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ẹnì kan làágùn bí kò bá sí èso tí a lè tọ́ka sí? Bí a bá sì ń yin gbogbo ènìyàn bákan náà, wọ́n ní, àwọn ọmọ yóò di ọ̀lẹ. Ọmọ tí ó kàwé mọ́jú àti ọmọ tí ó sùn, ṣé kí a jọ pa ewúrẹ́ fún àwọn méjèèjì?

Ọ̀rọ̀ yìí ní ọgbọ́n nínú, a kò sì fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ẹ jẹ́ kí a sọ fún un pé ó fìdí rẹmi. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ bẹ́ẹ̀ pé ó ṣe dáadáa ń tàn án jẹ ni, ẹ̀tàn kì í sì í gbé ènìyàn dìde. Tóbi kò gba wúrà ní Doha, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó gbé wúrà fún un níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kù díẹ̀ káàtó. Bí ó bá jẹ́ borí nìkan ni ẹ̀rí iṣẹ́, a jẹ́ pé ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó ya òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀lẹ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó sá 12.49 ní Doha ni ẹsẹ̀ tí ó sá 12.12 ní Eugene. Òwúrọ̀ tí ó fi ń jí kí wúrà tó dé, òun náà ni ó fi jí nígbà tí wúrà kò ì tíì dé.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹ rántí pé 12.06 tí ó fi gba wúrà yá ju 12.12 lọ. Síbẹ̀ 12.12 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé ó yára jù lọ láyé. Kí ló dé? Afẹ́fẹ́ ni. Nígbà tí ó sá 12.06, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn àwọn asáré náà, ó tó mítà 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ mítà 2.0 ni òfin gbà. Wúrà jẹ́ tirẹ̀ láìsí àríyànjiyàn, nítorí gbogbo wọn ni afẹ́fẹ́ náà jọ ń tì, ṣùgbọ́n wọn kò lè kà á sí èyí tó yára jù. Àwọn tí ń ṣètò eré sísá gbọ́n ju wa lọ níbí. Wọ́n mọ̀ pé nínú borí ènìyàn, apá kan jẹ́ ti ẹsẹ̀ rẹ̀, apá kan jẹ́ ti afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń wọn afẹ́fẹ́ náà. Ta ni nínú wa tí ó ti wọn afẹ́fẹ́ tí ó ti òun lẹ́yìn rí? Ọkọ tí ó rí iṣẹ́ ní àsìkò, ẹ̀gbọ́n tí ó san owó ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀bù tí ó bọ́ sójú títì nígbà tí ọ̀nà là: afẹ́fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹni tí kò ní wọn lè ṣiṣẹ́ tó wa, kí ó má dé ibi tí a dé.

Nítorí náà, ohun tí a rò nìyí: wúrà jẹ́ ti ẹni tí ó ṣáájú, kí a fún un láìṣe ìlara. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kì í ṣe wúrà. Ọ̀wọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó sá eré náà tọkàntọkàn, ipò yòówù kí ó ṣe.

Ohun tí dídìde ń béèrè

Bí a bá wá ní dídìde ni ó yẹ kí a yìn, kí ni dídìde? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo ẹni tí yóò wá gbé e. Àgbà ń wo ohun tí ó gbé e ṣubú. Ẹni tí kò bá wẹ̀yìn wo ohun tí ó gbé e ṣubú yóò dìde lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò tún ṣubú síbẹ̀.

A tún kọ́ nǹkan kan lára òfin eré yìí. Bí asáré bá fi ẹsẹ̀ kan igi tí igi náà wó, wọn kì í lé e jáde nítorí ìyẹn nìkan. Bí kò bá mọ̀ọ́mọ̀ wó o, tí kò sì dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, eré rẹ̀ ṣì ń lọ. Àwọn kan ti wó igi tí wọ́n sì borí. Ẹ wò bí àwa ti le ju òfin yìí lọ sí ara wa! Obìnrin kan wó igi kan nínú ayé rẹ̀, ọmọ rẹ̀ lóyún nílé, tàbí òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, àwa ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú eré.

Ẹ má sì rò pé ènìyàn máa ń dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó sì parí síbẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn Eugene, ní oṣù Keje ọdún 2023, wọ́n fẹ̀sùn kan Tóbi pé láàárín oṣù 12, ìgbà mẹ́ta ni wọn kò bá a níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti yẹ ara rẹ̀ wò fún oògùn. Ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí ìdíje àgbáyé ti Budapest ku ọjọ́ díẹ̀, ìgbìmọ̀ tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà dá a láre. Ilé ẹjọ́ àgbáyé fún eré ìdárayá náà tún dá a láre ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ipò kẹfà ni ó ṣe ní Budapest. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní 2024, kò tilẹ̀ dé àṣekágbá. Àwọn tí wọ́n kí i ní 2022 ni wọ́n wá ń béèrè pé kí ló ṣe é. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó padà sí Tokyo, sí pápá kan náà tí ó ti ṣe ipò kẹrin ní 2021. Ó lo 12.29, ó ṣe ipò kejì, ó gba fàdákà. Bí ó bá jẹ́ borí ni iye ènìyàn, a jẹ́ pé obìnrin yìí níye lórí ní 2022, kò níye lórí ní 2024, iye rẹ̀ wá tún padà díẹ̀ ní 2025. Irú ìwọ̀n wo nìyẹn? Bí a ṣe ń wọn gàrí nìyẹn, a kì í wọn ọmọ ènìyàn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kò sì gùn bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin kan wà, ọmọ Northern Ireland, tí ń jẹ́ Rory McIlroy, tí ó ń ṣiṣẹ́ eré gọ́ọ̀fù, eré tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré sínú ihò. Ìyá rẹ̀ máa ń ṣe iṣẹ́ òru nílé iṣẹ́ kan, bàbá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì mẹ́ta, kí ọmọ náà lè rí ọ̀nà lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2011, ọmọ ọdún 21 ni, ó ń ṣíwájú nínú ìdíje ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Masters ní Amẹ́ríkà. Ó ku ọjọ́ kan péré. Ọjọ́ náà ni gbogbo rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú gbogbo ayé. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó borí nínú ìdíje ńlá mìíràn, U.S. Open, kò sì sí ẹni tí ó súnmọ́ ọn. Gbogbo ayé ní ó ti dìde. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ṣubú gan-an, oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni ó tó borí níbẹ̀. Ọdún 14! Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Ẹni tí ó bá rí i ní 2018 tàbí ní 2022 kò mọ̀ pé yóò pè é. Òun náà kò mọ̀.

Ọ̀ràn tiwa

Nísinsìnyí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Arábìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí ó ń ta aṣọ. Owó òwò rẹ̀ run, gbèsè sì gun orí gbèsè. Díẹ̀díẹ̀, kò wá sí ìpàdé mọ́. Nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, a ó ní ó ti tutù, a ó sì pe orúkọ tí ó kàn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó rí ọwọ́ mú padà. Ó wá ṣe ìdúpẹ́. A bá a jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú, a ná owó mọ́ ọn lórí, a sì sọ pé a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò ní bọ́hùn.

Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí a ń jẹun, ó sọ fún àwa mẹ́rin tí a jókòó tì í pé: “Ẹ ṣeun, ẹ bá mi jó dáadáa. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta yẹn, mi ò lówó ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sọ́jà, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sì ń gbà kọjá. Ta ló kí mi?”

Kò pariwo. Ó tún bu ìrẹsì sẹ́nu. A bẹ̀ ẹ́, ó ní kò sí nǹkan kan. Àwa mọ̀ pé nǹkan wà.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń rò ó. A mọ bí a ṣe ń kí ẹni tí ó dé Eugene. A kò mọ bí a ṣe ń kí ẹni tí ó wà ní Doha. Kì í ṣe pé a burú. Ìtìjú ni ó ń ṣe wa, a kò mọ ohun tí a ó sọ. A sì fẹ́ràn ìtàn tí ó ti ní òpin rere, nítorí ó ń fún àwa náà ní ìrètí. Ṣùgbọ́n bí ìtàn ẹni tí ó borí bá jẹ́ ìtàn kan ṣoṣo tí a ní, kí ni a ó wá fún ẹni tí kò ní borí? Nítorí irú wọn wà láàárín wa. Òmíràn wà tí owó òwò rẹ̀ kò ní padà mọ́. Ìyá wà tí ọmọ rẹ̀ ti jókòó ìdánwò ìgbà mẹ́rin, tí iṣẹ́ ọwọ́ ni yóò sì kọ́ níkẹyìn. Opó wà tí kò ní rí ọkọ mìíràn fẹ́. Bí àwọn wọ̀nyí bá jí ní òwúrọ̀, tí wọ́n wẹ ọmọ, tí wọ́n gbé igbá, wọ́n ti dìde. A kò gbọ́dọ̀ dúró títí wọn yóò fi mú màlúù wá kí a tó rí wọn.

A kò sọ pé kí a pa ìdúpẹ́ tì. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn, kí ó jó, kí a bá a jó. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú orúkọ ẹnì kan tí a kò rí mọ́, kí ó lọ sílé rẹ̀ kí oṣù yìí tó parí. Kí ó má mú ìmọ̀ràn lọ. Kí ó má bi í pé ìgbà wo ni nǹkan yóò dára. Kí ó jókòó, kí ó bá a ṣa ẹ̀wà bí ó bá ń ṣa ẹ̀wà. Bí nǹkan bá dára lọ́la, inú wa yóò dùn. Bí kò bá dára, a ti kí arábìnrin wa.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ẹgbẹ́

1. Ǹjẹ́ ìgbà kan wà tí ìwọ fúnra rẹ ṣe “ipò kẹrin”? Ta ni ó kí ọ, kí ni ó sọ?

2. Báwo ni a ṣe lè sọ òtítọ́ fún ọmọ tí ó fìdí rẹmi, kí a má sì dójú tì í?

3. Nínú ohun rere tí o ní lónìí, èwo ni ó jẹ́ ti ẹsẹ̀ rẹ, èwo ni ó jẹ́ ti afẹ́fẹ́?

4. Ta ni a kò rí mọ́ nínú ẹgbẹ́ wa? Ẹ kọ orúkọ náà sílẹ̀ kí ẹ tó túká.